Ìwọ̀n Tó Bá Ara Mu: Bí A Ṣe Ń Wá Iye Oògùn Tó Tọ́ fún Àìsàn Ìsoríkọ́

Àìsàn ìsoríkọ́, èyí tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́ tí ń bá gbogbo ènìyàn nígbà ọ̀fọ̀ tàbí àdánù, ni ipò tí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun, oúnjẹ, okun ara àti ìfọkànsí sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ṣe é ṣe bó ti yẹ. Oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ oògùn nìkan kọ́ ni oníṣègùn ń wá nígbà tó bá jókòó láti kọ ìwé oògùn. Ó tún ń wá ìwọ̀n, ìyẹn iye tí aláìsàn kan pàtó yóò máa lò lójúmọ́, tí yóò tó láti gbé àìsàn náà kúrò láìdá ìnira mìíràn sílẹ̀. Kò sí ìwé tí a lè ṣí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí a sì rí ìwọ̀n yìí nínú rẹ̀. Inú ara aláìsàn ló wà, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì ni a fi ń wá a rí, àìmọ èyí ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú tó yẹ kó yọrí sí rere forí ṣánpọ́n.

Mílígíráàmù ni wọ́n fi ń wọn àwọn oògùn wọ̀nyí, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí oògùn sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹni tí wọ́n fún ní sertraline 50 mílígíráàmù lè máa rò pé àìsàn òun le ju ti ẹni tí wọ́n fún ní fluoxetine 20 lọ, kí ẹni tó ń lo amitriptyline 100 sì máa bẹ̀rù pé oògùn ti fẹ́ pọ̀ jù fún òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní agbára tirẹ̀, a kò sì lè fi nọ́ńbà ti ọ̀kan díwọ̀n èkejì. Fluoxetine 20, citalopram 20 àti sertraline 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọpọlọ.

Oríire ló mú irú àwọn oògùn yìí jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà tó ń fi iproniazid tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé ara àwọn aláìsàn kan ń yá gágá, inú wọn sì ń dùn, kọjá ohun tí ìwòsàn ikọ́ nìkan lè fà. Ní 1957, Roland Kuhn, oníṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Münsterlingen lórílẹ̀-èdè Switzerland, kéde pé imipramine ń gbé àwọn tí ìsoríkọ́ dè mọ́lẹ̀ dìde. Amitriptyline tẹ̀lé e ní 1961; fluoxetine, tí ayé mọ̀ sí Prozac, sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní òpin 1987. Amitriptyline àti fluoxetine wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ àwọn oògùn kòṣeémánìí sí, àwọn méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí yóò sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù.

Kí ó tó lè yé ènìyàn pé oògùn púpọ̀ kò dájú pé yóò mú ìwòsàn púpọ̀ wá, ó yẹ kó mọ ohun tí oògùn náà ń ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ a máa fi kẹ́míkà ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà náà sì ń jẹ́ sẹrotónìn. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti tú sẹrotónìn jáde, ó ní àwọn ẹnu ọ̀nà tó fi ń fà á padà wọlé. Fluoxetine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dí àwọn ẹnu ọ̀nà náà kí sẹrotónìn lè pẹ́ lóde. Ní 2004, Jeffrey Meyer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ wo àwọn tó ń lo oògùn irú èyí, oríṣi márùn-ún, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ti dí nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹnu ọ̀nà náà. Nítorí náà, bí a bá sọ ìwọ̀n ọ̀hún di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, inú ìdá 20 tó ṣẹ́ kù ni a ó ti máa wá èrè, èrè náà kò sì lè pọ̀, nígbà tí ìnira tí oògùn ń fà fún ikùn, oorun àti ìbálòpọ̀ kò dẹ́kun láti máa pọ̀ sí i.

Àyẹ̀wò lára àwọn aláìsàn fìdí èyí múlẹ̀. Ní 2019, Toshi Furukawa ti Yunifásítì Kyoto lórílẹ̀-èdè Japan àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé àǹfààní oògùn ń gòkè títí tó fi dé àárín fluoxetine 20 sí 40, tàbí ìwọ̀n oògùn mìíràn tó bá a dọ́gba, pé lẹ́yìn èyí kò gòkè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó pa oògùn tì nítorí ìnira rẹ̀ ń pọ̀ bí ìwọ̀n ṣe ń pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí aláìsàn sábà máa ń bá dókítà sọ, pé kó fún un ní èyí tó lágbára, kó lè tètè gbádùn, fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó lè pa aláìsàn lára. Ìwọ̀n tó tọ́ ni èyí tó kéré jù lọ nínú àwọn ìwọ̀n tó lè wo àìsàn náà sàn pátápátá, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló sì ṣe pàtàkì nínú gbólóhùn yìí: kó kéré, kó sì wò ó sàn. Dókítà tó fi aláìsàn sílẹ̀ sórí ìwọ̀n tó mú kó sàn díẹ̀ nìkan, tí kò sì tún béèrè mọ́, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń sọ nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lápapọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni aláìsàn tó jókòó níwájú dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú àwọn oògùn wọ̀nyí ká kí wọ́n tó jáde lára, àwọn èròjà tó sì ń bá a ṣe iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn nítorí pé àjogúnbá ni. Èyí tó ń jẹ́ CYP2D6 ló ń tú amitriptyline àti ọ̀pọ̀ mìíràn ká. Àwọn kan wà tí tiwọn ń fà, tí oògùn á fi máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn kan sì wà tí tiwọn yá ju bó ṣe yẹ lọ, tí oògùn á ti tán lára wọn kó tó ṣiṣẹ́. Oríṣi kan tí ń fa ẹsẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà ju àwọn ará Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n ní Etiópíà, àwọn tí tiwọn yá ju bó ṣe yẹ lọ ló pọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo aláwọ̀ dúdú kò ní rí i. Ọmọ ìyá méjì lè gbé hóró oògùn kan náà mì ní àárọ̀ kan náà, kí iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po ti èkejì. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba oògùn lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún onítọ̀hún, ti gba ìwọ̀n tí wọ́n wá fún ara ẹlòmíràn. Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín àgbàlagbà kì í yára bíi ti ọ̀dọ́. Láti 2012 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún má ṣe lo citalopram ju 20 mílígíráàmù lọ lójúmọ́, nítorí ewu tó wà níbẹ̀ fún ìlù ọkàn wọn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń wá ìwọ̀n náà? Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní dókítà ọpọlọ, tó kọ́kọ́ jáde ní 2010, ní kí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ fluoxetine pẹ̀lú 10 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó bọ́ sí 20, kó sì dúró síbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí àyípadà kò sí, a lè gbé e dé 40. 80 ni òpin. Ìṣòro kékeré kan máa ń yọjú nídìí èyí, nítorí pé kápúsù 20 ló wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà oògùn, kápúsù kò sì ṣe é dá sí méjì bíi hóró. Ohun tí àwọn dókítà kan ń ṣe ni kí wọ́n ní kí aláìsàn lo kápúsù kan lónìí, kó fo ọ̀la, kó lo òmíràn ní ọ̀túnla. Ó ṣe é ṣe nítorí pé fluoxetine pẹ́ lára: nínú ẹni tó ti ń lò ó déédéé, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá irú rẹ̀ ṣe pẹ̀lú oògùn mìíràn, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í pẹ́ lára bẹ́ẹ̀.

Ti amitriptyline gba sùúrù jù. Mílígíráàmù 25 ní alẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ń mú oorun wá, lẹ́yìn náà wọn á máa fi 25 sí 50 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tó fi máa dé 100 sí 150. Ní gbogbo ọ̀nà ni ara ti ń sọ̀rọ̀. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ojú á ṣe bàìbàì, ìtọ̀ lè nira fún bàbá àgbàlagbà, bí aláìsàn bá sì dìde lójijì láti orí ibùsùn, òòyì lè kọ́ ọ débi pé yóò ṣubú. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nígbà tó dùbúlẹ̀, yóò ní kó dìde, yóò dúró fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, yóò sì tún un wọ̀n. Bí ti ìdúró bá wálẹ̀ púpọ̀ ju ti ìdùbúlẹ̀ lọ, wọn kò ní fi kún oògùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í kọjá 25 tàbí 50, yálà nítorí ìnira wọ̀nyí tàbí nítorí pé kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà wá, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n dúró sí ni a sábà máa ń lò fún ìrora iṣan tàbí orí fífọ́, kò sì tó fún ìsoríkọ́. Irú wọn a máa sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́ fún àwọn, nígbà tó jẹ́ pé wọn kò tíì dé ìwọ̀n rẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìnira ló ń kọ́kọ́ dé, ìwòsàn ló ń kẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ fluoxetine, inú lè máa rìn, orí lè máa fọ́, oorun lè dínkù, ara lè máa ṣe gìrìgìrì, bẹ́ẹ̀ ọkàn kò tíì fúyẹ́ rárá. Púpọ̀ nínú ìnira wọ̀nyí a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àmì ìwòsàn àkọ́kọ́ a sì máa hàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n ó lè di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà kí a tó lè fi ìdánilójú sọ pé ìwọ̀n kan ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọn kò ṣàlàyé èyí fún kó tó kúrò nílé ìwòsàn yóò gbà pé májèlé ni wọ́n fún òun, yóò sì da oògùn nù ní ọjọ́ karùn-ún. A kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí kò ṣàlàyé ló lẹ́bi. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kan náà ni ìṣọ́ra ti gbọ́dọ̀ pọ̀ jù fún àwọn ọ̀dọ́. Àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára àwọn oògùn wọ̀nyí ní 2004 fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, ó sì fẹ̀ ẹ́ dé ọmọ ọdún 24 ní 2007, nítorí pé èrò láti gba ẹ̀mí ara ẹni lè pọ̀ sí i nínú àwọn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tàbí nígbà tí ìwọ̀n bá yí padà. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá yọjú, kí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n lọ. Ìdí kan náà ni àwọn dókítà kì í fi kó amitriptyline oṣù kan lé ẹni tó wà nínú irú ewu yìí lọ́wọ́, nítorí pé bó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá ọkàn dúró.

Kí ìwọ̀n tó lè tọ́, ó yẹ kí a ní ohun tí a fi ń díwọ̀n ìlera. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba òdo sí mẹ́ta, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Abiodun Adewuya àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà ní 2006, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé lò. Bí àpapọ̀ náà bá wálẹ̀ dé ìdajì ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bó bá wálẹ̀ kọjá 5, àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn láti inú ọkàn. Orí tó ń gbóná ni wọn yóò sọ, tàbí ohun kan tó ń rìn lórí bíi kòkòrò, tàbí àyà tó ń já, ara tó wúwo. Oníṣègùn tó bá gbọ́n yóò kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, yóò sì tún bi wọ́n léèrè lórí wọn nígbà tí wọ́n bá padà wá, nítorí pé àwọn ni aláìsàn fúnra rẹ̀ fi ń mọ̀ pé òun ń sàn.

Irú iṣẹ́ yìí kò nílò kó dúró de ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ní bí a ṣe ń lo ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ fún Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015: nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko lè dá àìsàn náà mọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ jù wọ́n lọ bá wà lẹ́yìn wọn.

Ohun mìíràn tí ń da ìwọ̀n rú ni àwọn oògùn tí a ń lò mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ tí ibà ti ń padà wá léraléra, ó yẹ kí a mọ̀ pé lumefantrine, tó wà nínú oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, a máa fa ọwọ́ ẹ́ńsáìmù CYP2D6 sẹ́yìn, tí amitriptyline fi lè pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé aláìsàn lo ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Fluoxetine náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí amitriptyline, nítorí náà a kì í dédé pa wọ́n pọ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe òdì-kejì: ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára, oògùn ìsoríkọ́ á sì dínkù lára. Èyí tó burú jù ni tramadol, oògùn apàrora. Òun náà ń gbé sẹrotónìn sókè, bó bá sì pàdé fluoxetine tàbí sertraline, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kó gbóná, òógùn á bò ó, ọkàn á dàrú, gìrì sì lè gbé aláìsàn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọtí àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ pẹ̀lú amitriptyline a máa mú oorun kọjá ààlà. Ti ààwẹ̀ rọrùn ní tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lo púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ bọ́ sí sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu, láìyí ìwọ̀n padà.

Ìgbà mìíràn wà tí ìwọ̀n kọ́ ni ìṣòro. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní STAR*D, èyí tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn péré ni oògùn àkọ́kọ́ wò sàn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fara balẹ̀ gbé ìwọ̀n rẹ̀ gòkè. Àwọn ìyókù nílò oògùn mìíràn, tàbí ìtọ́jú tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí méjèèjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìsoríkọ́ wọn ń pààrọ̀ pẹ̀lú àkókò tí ara ń yá wọn kọjá ààlà, tí wọn kì í sùn, tí wọ́n ń náwó ní ìnákúnàá. Oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè ti irú wọn sínú ìyẹn, nítorí náà ìbéèrè nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú hóró àkọ́kọ́.

Bí àìsàn bá ti lọ, ìwọ̀n tó lé e lọ náà ni kí aláìsàn máa lò fún oṣù 9 sí 12 sí i. Ẹni tó bá dín in kù ní kété tí ara rẹ̀ yá ń pe àìsàn náà padà. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò láti dáwọ́ dúró, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mark Horowitz àti David Taylor ní ìlú London ṣàlàyé ní 2019 pé, níwọ̀n bí ìwọ̀n kékeré ti ń dí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹnu ọ̀nà sẹrotónìn, bíbọ́ láti 40 sí 20 kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n bíbọ́ láti 5 sí òdo yí i padà púpọ̀, tí ó fi yẹ kí ìgbésẹ̀ máa kéré sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ òpin. Òòyì, àlá burúkú, ìbínú òjijì àti ohun tó dà bí iná mànàmáná tó ń ta lórí jẹ́ àmì pé ìdínkù náà yára jù, pàápàá fún paroxetine àti venlafaxine tí kì í pẹ́ lára.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń lo oògùn ìsoríkọ́ kó gbogbo oògùn tó wà nílé, títí kan ìgò àgbo àti sáṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní orúkọ, sínú àpò kan nígbà tó bá ń padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì sọ òtítọ́ nípa iye ọjọ́ tí kò lo oògùn rẹ̀ láàárín oṣù náà, ì báà jẹ́ nítorí owó, nítorí ìgbàgbé tàbí nítorí pé ìnira rẹ̀ pọ̀. Dókítà tí kò mọ̀ pé aláìsàn fo ọjọ́ mẹ́wàá yóò rò pé ìwọ̀n ló kéré, yóò sì fi kún oògùn tí aláìsàn kò tíì lò tán.